Kí ló ń dá ẹ̀kán omi méjì dúró kí wọ́n tó di ọ̀kan?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mò ń kọ́ àwọn SS2 ní surface tension lọ́wọ́ ni ọmọ kan bá gbọ́wọ́ sókè, ó ní òun kà á lórí fóònù pé black hole méjì máa ń dà pọ̀ di ọ̀kan bí ẹ̀kán omi, pé bẹ́ẹ̀ náà ni òjò ṣe ń di òjò, bẹ́ẹ̀ náà ni péńtì ṣe ń gbẹ, pé àwọn tó ń kọ́ nípa jíìnì pàápàá ní tiwọn. Ó ní ṣé físíìsì kan náà ni gbogbo ẹ̀? Mo ní màá bá a bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé mi, kẹ́ ẹ sì sọ nǹkan tí mo lè fi hàn wọ́n ní kíláàsì torí lábù wa, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa, ìbéèrè ẹ̀ ju ti SS2 lọ. Kí n má fi falẹ̀: rárá, kì í ṣe físíìsì kan náà, agbára tó ń kó ẹ̀kán omi jọ ò bá ti black hole (nǹkan ojú ọ̀run tí ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè jáde nínú ẹ̀) tan rárá. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ lè gbé lọ bá gbogbo wọn tí kò ní já yín kulẹ̀ níbì kankan àfi lọ́dọ̀ àwọn oní-jíìnì, òun ni pé kí ló wà láàárín àwọn méjèèjì tí ò jẹ́ kí wọ́n tíì di ọ̀kan? Ìwé tá a fi ń kọ́ àwọn ọmọ máa ń fi gbogbo ojú ewé ṣàlàyé ìdí tí nǹkan méjì fi fẹ́ dà pọ̀, lójú tèmi ibẹ̀ yẹn ló rọrùn jù. Ohun tó dí wọn lọ́nà ló máa ń sọ bóyá ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n máa fi dúró àbí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún.

Omi ni ká fi bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ̀ ń kọ́ wọn. Mólékù tó wà nínú omi, gbogbo ẹ̀gbẹ́ làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń fà á, èyí tó wà lójú omi gan-an ò rí ẹni fà á lókè, ìdí nìyẹn tí ojú omi fi máa ń fẹ́ sún kì. Kẹ́ ẹ tó lè mú kí ojú omi fẹ̀ sí i, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ́nájì sí i, fún omi tó wà ní 25°C ó tó 0.072 joule fún square mítà kan. Ẹ wá ní káwọn ọmọ mú ẹ̀kán mẹ́jọ tó dọ́gba, kí wọ́n da mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ nínú ìwé. Fọ́lúùmù á di ìlọ́po mẹ́jọ, rédíọ́ọ̀sì á di ìlọ́po méjì péré, ojú ẹ̀kán ńlá yẹn á wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti kékeré kan, bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní lápapọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdajì ojú omi ti wọlé lọ nìyẹn o, wọn ò sì nílò kalikulétọ̀ kankan láti rí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀kán méjì péré, èyí tó dín kù á jẹ́ 20.6%, ó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Fún ẹ̀kán méjì tí rédíọ́ọ̀sì wọn jẹ́ 1 mílímítà, ẹ́nájì tó máa jáde níbẹ̀ ò tó 0.0000004 joule, kékeré ni, àmọ́ omi tó fẹ́ lò ó náà kékeré ni.

Ibo wá ni ẹ́nájì yẹn ń gbà lọ? Omi á gbọ̀n jìgìjìgì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á di ooru, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Àyàfi lórí ewé tí omi kì í lẹ̀ mọ́, bí ewé kókò. Ẹ lọ wo ewé kókò láàárọ̀ kùtù tí ìrì ti sẹ̀ sórí ẹ̀, ẹ̀kán yẹn á rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù dígí kékeré, ẹ fi ìka ta ewé yẹn díẹ̀, méjì á yí lọ bára wọn, wọ́n á fẹnu kan ara, lójijì ọ̀kan ṣoṣo lẹ ó rí tó ń mì tìtì. Tí ẹ̀kán bá wá kéré ju èyí tójú lè rí dáadáa lọ, tó sì jẹ́ ojú tí omi ò lè rọ̀ mọ́ rárá ni wọ́n wà, ẹ́nájì yẹn á tó láti gbé wọn fò kúrò lórí ẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Boreyko àti Chen, fi èyí hàn ní 2009, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọn ò fátẹ́gùn sí i, ẹ̀kán méjì dà pọ̀, ìkẹta tó jáde níbẹ̀ fò sókè.

Báyìí ni ká wá bèèrè ìbéèrè wa. Tí ojú omi bá ń fẹ́ sún kì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ẹ̀kán tó fara kan ara ò di ọ̀kan lójú ẹsẹ̀? Atẹ́gùn ni. Ẹ̀kán méjì tó ń bọ̀ wá pàdé ara wọn, atẹ́gùn wà láàárín, ó gbọ́dọ̀ sá jáde, bẹ́ẹ̀ bí àyè yẹn ṣe ń tín-ín-rín sí i ni sísá jáde ń le sí i. Títí àlàfo yẹn fi máa lọ sí ìsàlẹ̀ 100 nanomítà, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mílímítà, omi apá ọ̀tún ò tíì mọ̀ pé ti òsì wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá tín-ín-rín dé ibẹ̀ ni agbára van der Waals, ìyẹn ìfà kékeré tó wà láàárín mólékù àti mólékù, máa tó fà wọ́n kan ara. Tí wọ́n bá ti ta padà kí atẹ́gùn tó tán, wọ́n lọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà á ti rí i ní bọ́kẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹ̀rọ omi ń kán tó tó tó, àwọn bọ́ọ̀lù omi kéékèèké kan máa ń sáré lórí omi fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pòórá. Omi lórí omi ni, ìbusùn atẹ́gùn ni wọ́n gùn. Osborne Reynolds ti kọ̀wé nípa ẹ̀ látọdún 1881.

Tí fíìmù atẹ́gùn yẹn bá wá já báyìí, eré ti parí. Afárá kékeré kan á so méjèèjì pọ̀, ọrùn ẹ̀ á máa fẹ̀, ìyára tó fi ń fẹ̀ pọ̀ gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń dín kù, torí ẹ̀ ni Eggers, Lister pẹ̀lú Stone fi jókòó tì í ní 1999, tí wọ́n ṣe ìṣirò bí ọrùn yẹn ṣe ń là. Fún ẹ̀kán tí rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ 1 mílímítà, gbogbo ìdàpọ̀ yẹn ń gba ìdá bíi mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdúró lè pẹ́, àmọ́ ìdàpọ̀ fúnra ẹ̀ kì í pẹ́. Nígbà míì gan-an kì í parí lẹ́ẹ̀kan: ẹ̀kán tó bọ́ sórí omi á wọlé díẹ̀, ìyókù ẹ̀ á já, á di ẹ̀kán tuntun tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, òun náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tó yára ni Thoroddsen àti Takehara fi rí ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn dáadáa ní 2000.

Iná mànàmáná náà ń dá sí i o. Rayleigh ṣe nǹkan kan ní 1879 tí mo fẹ́ràn gan-an, omi tín-ín-rín tó ń tú sókè bíi fáńtéènì, ẹ̀kán ẹ̀ máa ń fọ́n káàkiri, ó wá mú nǹkan tó ti fi aṣọ pa tó ní iná díẹ̀ lára sún mọ́ ọn, àwọn ẹ̀kán náà bá ń dà pọ̀ wọ́n sì ń tóbi. Iná díẹ̀ péré ló ń fà wọ́n mọ́ra títí fíìmù atẹ́gùn fi já. Ẹ má wá rò pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ìdàpọ̀ ṣe máa dáa tó. Ní 2009 Ristenpart pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn pé ẹ̀kán méjì tí ọ̀kan ní iná pósítíìfù tí èkejì ní nẹ́gátíìfù, tí agbára iná bá ti kọjá ibì kan, wọ́n á kan ara, wọ́n á wá ta kúrò lára ara wọn. Àwọn tó ń fa ara wọn jù wá di àwọn tí ò lè dà pọ̀.

Ó yá, òjò. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé lórí fún àwọn ọmọ yín, torí ojú ọ̀run Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń wò lójoojúmọ́, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ̀kán tó wà nínú àwọsánmà, rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ bíi 0.01 mílímítà. Ẹ̀kán òjò tó ń ta páànù yín pò, ó jẹ́ bíi 1 mílímítà. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sí fọ́lúùmù, mílíọ̀nù kan ẹ̀kán kékeré ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kán òjò kan. Kékeré yẹn ń já bọ́ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá wà ní kìlómítà kan lókè, á gbà á ju ọjọ́ kan lọ kó tó dé ilẹ̀, á sì ti gbẹ sójú ọ̀nà. Ńlá yẹn ń sáré ní bíi mítà mẹ́fà ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Torí náà tí wọn ò bá dà pọ̀, àwọsánmà á kàn wà lókè ni, òjò ò ní rọ̀.

Kí ló dí wọn lọ́nà níbẹ̀? Kí wọ́n tiẹ̀ pàdé ni wàhálà. Tí gbogbo wọn bá dọ́gba, ìyára kan náà ni wọ́n ń fi já bọ́, kò sẹ́ni tó máa lé ẹnì kan bá. Tí ọ̀kan bá wá tóbi díẹ̀ tó ń já bọ́ lé àwọn kéékèèké lórí, atẹ́gùn tó ń ti síwájú ló ń gbé wọn yà fún un, bí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ṣe máa ń yà fún tírélà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tírélà á kọjá, ọ̀rá á ṣì máa fò. Ó dìgbà tí ọ̀kan bá tó bíi 0.02 mílímítà ní rédíọ́ọ̀sì kó tó máa rí àwọn kéékèèké gbá mú dáadáa. Láti ibẹ̀, bó ṣe ń tóbi ló ń yára, bó ṣe ń yára ló ń gbá púpọ̀ mú, ààbọ̀ wákàtí lè tó fún un láti di òjò. Ìṣòro ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣì ń ta bọ́ọ̀lù ẹ̀ síra wọn: omi tó ń dì mọ́ ẹ̀kán láti inú afẹ́fẹ́ máa ń dẹwọ́ bí ẹ̀kán bá ṣe ń tóbi, ìgbámú ò sì tíì bẹ̀rẹ̀, kí ló ń gbé e kọjá àárín yẹn? Púpọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ìrúkèrúdò atẹ́gùn inú àwọsánmà, àwọn míì ń tọ́ka sí iyọ̀ òkun tí hóró ẹ̀ tóbi.

Èyí ló fà á tí èéfín fi lè dí òjò lọ́wọ́. Omi kì í dédé di ẹ̀kán nínú afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí hóró kan dì mọ́, bíi ti eruku tàbí ti èéfín. Tí hóró bá pọ̀ jù, omi kan náà á pín sí ẹ̀kán tó pọ̀ rẹpẹtẹ tí gbogbo wọn kéré, tí gbogbo wọn dọ́gba, kò ní sí ọ̀kan tó máa dé 0.02 yẹn kíá. Iṣẹ́ kan tó jáde ní 1999 fi hàn pé TRMM, sátẹ́láìtì tó ń wo òjò, rí irú èyí lórí igbó tó ń jóná, àwọsánmà tó wọnú èéfín ò rọ òjò bíi ti ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wà ní ìta èéfín. Ẹ rántí gbogbo ìgbẹ́ tí wọ́n ń dáná sun nílẹ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò sọ pé òun ni kò jẹ́ kí òjò rọ̀ ní January o, afẹ́fẹ́ January fúnra ẹ̀ ti gbẹ, àmọ́ físíìsì tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àti pé kì í ṣe gbogbo òjò ló ń gba ọ̀nà yìí nìkan. Òjò wẹliwẹli tó máa ń ṣe kùrúkùrú ní July àti August, tí àwọsánmà ẹ̀ rẹlẹ̀, tí kò sán ààrá, ìdàpọ̀ ẹ̀kán lásán ni, kò sí yìnyín nínú ẹ̀. Àwọn àgbà òjò tó ń wá pẹ̀lú ìjì ní April tàbí September ga kọjá ibi tí omi ti ń dì, yìnyín ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ lókè. Àwọsánmà tó rẹlẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì débi pé ní 2016 àwọn onímọ̀ tó pe iṣẹ́ wọn ní DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níbi mẹ́ta ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti wò ó, Ilé-Ifẹ̀ wa níbí jẹ́ ọ̀kan, àwọn yòókù ni Kumasi ní Ghana àti Savè ní Benin.

Mo mọ̀ pé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti gbogbo Òkè-Ògùn òkè yẹn, àwọn ọmọ yín á ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe òrí. Ibẹ̀ gan-an ni lábù. Wọ́n á ti yan èso ẹ̀mí, wọ́n á ti lọ̀ ọ́, á kúnná, á dúdú, á ki bíi ṣokoléètì tó yọ́. Màmá á jókòó ti agbada, á da omi sí i díẹ̀díẹ̀, á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, á máa pò ó, á máa lù ú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà kan, omi tútù nígbà míì, kò sí tẹmọ́mítà níbẹ̀ o, ọwọ́ ẹ̀ ló ń sọ fún un. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, búráùn á máa di eléèérú, eléèérú á máa funfun, ó á wú, ọ̀rá á wá léfòó sókè, omi dúdú á kù sísàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé hóró ọ̀rá tó fọ́nká wà nínú pòpò yẹn, ìyàngbò èso pẹ̀lú omi ló bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lára, òun ló ń dí wọn lọ́nà. Lílù yẹn ń mú wọn gbá ara wọn léraléra títí ìbora yẹn fi ya. Ìgbóná ẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Bọ́tà tí wọ́n ń pò jáde nínú wàrà la ti mọ ìdí ẹ̀ dáadáa: ọ̀rá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dì díẹ̀ kó sì rọ̀ díẹ̀, èyí tó dì ló ń gún ìbora ẹnìkejì, èyí tó rọ̀ ló ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Tó bá yọ́ pátá kò sí ohun tó máa gún nǹkan, tó bá dì pátá kò sí ohun tó máa lẹ̀.

Ọṣẹ ń ṣe òdìkejì. Mólékù ọṣẹ máa ń tò sára ẹ̀kán epo, apá kan fẹ́ràn epo, apá kejì fẹ́ràn omi, á wá di ìbora tí kì í tètè ya, torí ẹ̀ ni epo ara àwo ṣe ń bá omi lọ tí kì í tún padà wá dì mọ́ àwo. Péńtì ẹ́mọ́ṣọ̀n náà, kíá la máa kọjá ibẹ̀: hóró PVA kéékèèké, irú ike kan, ló wà nínú omi, bí omi ṣe ń gbẹ ni wọ́n ń há mọ́ra títí wọ́n fi di awọ kan ṣoṣo lára ògiri. Tí ẹni tó pò ó bá fi ẹfun kún un jù, hóró PVA ò ní kan ara wọn dáadáa, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń fara ti ògiri tí ẹ̀yìn aṣọ yín ń funfun. Olówó péńtì á ní kò sí nǹkan tó ṣe péńtì òun.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sọ́dọ̀ black hole, torí ibẹ̀ ni ọmọ yẹn ń lọ gan-an. Kò sí surface tension lára black hole, kò tiẹ̀ sí awọ kankan níbẹ̀, ibi tí a ń pè ní horizon kàn jẹ́ ààlà tí ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjá ẹ̀ ò lè padà sẹ́yìn ni. Gráfítì ló ń fà wọ́n. Kí ló wà láàárín wọn? Kì í ṣe atẹ́gùn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wọ́n ń yí ara wọn po, tí nǹkan méjì bá ń yí ara wọn po tí kò sí ohun tó ń gba ẹ́nájì lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa yí lọ títí láé ni, bí ayé ṣe ń yí oòrùn po tí kò já sínú ẹ̀. Ìgbì gráfítì (gravitational wave) ló ń gba ẹ́nájì yẹn lọ, díẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ní 1974 Hulse àti Taylor rí ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù méjì tó ń yí ara wọn po láàárín wákàtí tí ò tó mẹ́jọ, àkókò ìyípo yẹn sì ń dín kù ní bíi ìdá 76 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́dọọdún, bó ṣe yẹ kó dín kù gan-an tó bá jẹ́ ìgbì gráfítì ló ń gba ẹ́nájì wọn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel sí i ní 1993. Àwọn méjì yẹn ṣì ní bíi 300 mílíọ̀nù ọdún kí wọ́n tó kan ara.

Àwọn tó ti parí ìdúró tiwọn la gbọ́ ohùn wọn ní 14 September 2015. Black hole méjì, ọ̀kan tó ìlọ́po 36 oòrùn, èkejì 29, wọ́n di ọ̀kan tó jẹ́ 62. Ẹ ro ó pọ̀, mẹ́ta ò sí níbẹ̀. Ìwúwo oòrùn mẹ́ta ló di ìgbì gráfítì lójú ẹsẹ̀, ó rin bíi bílíọ̀nù kan àti 300 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ LIGO, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ irú ìgbì yẹn ní Amẹ́ríkà, èyí tí ẹ̀rọ yẹn rí gbọ́ nínú ẹ̀ kò ju bíi ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ohùn ẹ̀ ń gòkè láti bíi 35 hertz dé 250. Ìdúró ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, ìdàpọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ní ti èyí ọmọ yín gbà á dáadáa, ó jọ ẹ̀kán omi.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ó ti yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ èyí sójú bọ́ọ̀dù fún wọn. Nígbà tí ẹ̀kán omi méjì dà pọ̀, ojú wọn dín kù. Nígbà tí black hole méjì bá dà pọ̀, ojú wọn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ni. Hawking ló sọ ọ́ ní 1971 pé àpapọ̀ ojú horizon kò lè dín kù. Ìdí ẹ̀ rọrùn: rédíọ́ọ̀sì black hole ń bá ìwúwo ẹ̀ lọ ní tààrà, bíi kìlómítà mẹ́ta fún ìwúwo oòrùn kan, torí náà ojú ẹ̀ ń bá ìwúwo ní ìlọ́po ara ẹ̀ lọ. 36 lọ́nà 36, ẹ ro ó mọ́ 29 lọ́nà 29, 2,137 lẹ máa rí. 62 lọ́nà 62 jẹ́ 3,844. Ìṣirò oníwàràwàrà lèyí o, torí mi ò ka yíyí tí wọ́n ń yí lórí ara wọn mọ́ ọn, àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ fara balẹ̀ ṣe é ní 2021, bíi 235,000 square kìlómítà ni wọ́n rí fún àwọn méjì àkọ́kọ́, bíi 367,000 fún èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ̀kán omi ń dà pọ̀ kí ojú ẹ̀ lè dín kù, black hole ò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ àfi tí ojú ẹ̀ bá pọ̀ sí i.

Tí ọmọ yẹn bá wá ń wá mọ̀lẹ́bí ẹ̀kán omi gidi, inú átọ̀mù ni kó lọ. Weizsäcker ní 1935, lẹ́yìn ẹ̀ Bohr àti Wheeler ní 1939, wọ́n ka nukiliọ́ọ̀sì, ìyẹn àárín gbùngbùn átọ̀mù, sí ẹ̀kán omi kan tó ní surface tension tiẹ̀, wọ́n sì rí ìdáhùn tó dáa níbẹ̀, wọ́n fi ṣàlàyé bí uranium ṣe ń là sí méjì, ìyẹn ìdàpọ̀ tí a yí sẹ́yìn. Ohun tó ń dí àwọn nukiliọ́ọ̀sì kéékèèké lọ́wọ́ àti dà pọ̀ níbẹ̀ ni pé iná pósítíìfù ni gbogbo wọn ní, wọ́n ń ti ara wọn. Inú oòrùn gbóná dé bíi 15 mílíọ̀nù digíríì, ìyẹn gan-an ò tó láti gbé wọn fo ògiri yẹn, ó dìgbà tí quantum, òfin àwọn nǹkan tó kéré bí átọ̀mù, bá jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ yọ́ gba inú ògiri kọjá. Gamow wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò irú yíyọ́kọjá bẹ́ẹ̀, ní 1928. Torí pé ó ṣòro ni oòrùn fi ṣì ń jó títí dòní, ká ní ó rọrùn ni, ì bá ti jó tán tipẹ́.

Ti àwọn oní-jíìnì ló kù, òun nìkan ni kò sí agbára kankan nínú ẹ̀. Kingman, onímọ̀ mátíìsì kan, ló gbé e kalẹ̀ ní 1982. Ẹ mú ènìyàn méjì, ẹ tẹ̀lé jíìnì kan lára wọn padà sẹ́yìn, sí òbí, sí bàbá àgbà, sí ẹni tó bí bàbá àgbà, ìgbà kan ń bọ̀ tí ìlà méjèèjì máa bá ara wọn lára ẹnì kan. Ìyẹn ni ìdàpọ̀ tiwọn, sẹ́yìn ló ń lọ. Kò sóhun tó ń fà wọ́n, kò sóhun tó dí wọn lọ́nà, oríire lásán ni: níbi tí ènìyàn N wà, àǹfààní pé wọ́n á pàdé ní ìran kan jẹ́ ìdá kan nínú 2N, torí náà ó gba bíi ìran 2N kí wọ́n tó pàdé. Ibi tó wá ya èmi gan-an lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé ìṣirò yẹn ti wà nílẹ̀ fún nǹkan míì. Smoluchowski, ará Poland, ti kọ ọ́ ní 1916 nípa hóró kéékèèké tó ń rìn gbéregbère nínú omi tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Níbi tí àǹfààní ìpàdé bá dọ́gba fún gbogbo wọn, tó bá gba wákàtí kan kí iye wọn tó dín sí ìdajì, ìdajì tó kàn á gba wákàtí méjì, èyí tó tún kàn á gba mẹ́rin, torí bí wọ́n ṣe ń dín kù ni ìpàdé wọn ń ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà jíìnì, ọ̀pọ̀ wọn ń tètè pàdé, ìlà méjì tó bá kù gbẹ̀yìn ni wọ́n ń pẹ́ jù. Ìṣirò kan náà ni wọ́n jọ ń lò, mátíìsì ló so wọ́n pọ̀, físíìsì kọ́.

Ohun tẹ́ ẹ lè fi hàn wọ́n. Àkọ́kọ́, ìgò ike méjì tó mọ́, omi dé ìdajì, òróró díẹ̀ lórí ẹ̀, ẹ kán ọṣẹ olómi ẹyọ kan péré sí ìkejì. Kí ọmọ méjì jọ mì wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kí àwọn yòókù máa wo aago. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú sún mọ́ ìgò tí ò ní ọṣẹ, ní ibi tí omi àti òróró ti pàdé, wọ́n á rí ẹ̀kán òróró tó ti gòkè dé ibẹ̀ tó dúró, tó ń wo òróró tó wà lókè ẹ̀ tí kò wọlé, tó sì wọlé lójijì. Fíìmù omi tó wà láàárín ló ń ṣàn kúrò. Kí wọ́n ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀kán ńlá fi dúró àti èyí tí kékeré fi dúró, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sọ ìdáhùn fún wọn.

Ìkejì ni ti Rayleigh. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sórí nǹkan gíga, rọ́bà dírípù tín-ín-rín kan tó mọ́, ojú báírò tẹ́ ẹ ti yọ bọ́ọ̀lù ẹ̀ sí ẹnu rọ́bà náà, kí omi máa tú sókè tín-ín-rín, kó sì fọ́n ká bó ṣe ń já bọ́. Ẹ ya irun gbígbẹ dáadáa pẹ̀lú kóòmù oníke, ẹ gbé kóòmù náà sún mọ́ ibi tí omi ti ń já sí ẹ̀kán, ẹ má jẹ́ kó kàn án. Ẹ̀kán tó ń fọ́n ká á kó ara wọn jọ, etí gan-an á gbọ́ ìyàtọ̀ lórí páànù tẹ́ ẹ bá gbé sísàlẹ̀, torí ẹ̀kán tó ń bọ́ ti tóbi. Ẹ má lo bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi fọṣọ, ọṣẹ díẹ̀ tó kù lára ẹ̀ á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò lẹ fẹ́ ṣe é, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á gba iná ara kóòmù kẹ́ ẹ tó gbé e débẹ̀, torí náà ẹ fi sí January nígbà ọyẹ́, tàbí kẹ́ ẹ pa kóòmù náà nítòsí omi gan-an kẹ́ ẹ sì yára.